Láti Ìlọrin sí Jẹ́dà: Bí Ọ̀nà Ṣe Jìn Tó, Iye Wákàtí Bàálù, àti Àwọn Ìbéèrè Tí Kì í Tán

Ọ̀pọ̀ ọdún la ti ń bá àwọn ará Ìlọrin, Ọ̀fà, Òmù-Àrán àti gbogbo Ìgbómìnà ṣètò ìrìn àjò Háájì àti Ùmúrà. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi wá: lórí fóònù, nídìí tábìlì, lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálááṣí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. A kó wọn jọ síbí, láti orí èyí tó rọrùn dé orí èyí tó lè mú èèyàn họ orí.

Báwo ni Ìlọrin ṣe jìnnà sí Jẹ́dà tó?

Ó ku díẹ̀ kó pé ẹgbàajì kìlómítà, ìyẹn 4,000. Bí a bá wọ̀n ọ́n láti pápákọ̀ òfurufú tiwa dé tiwọn, lójú ọ̀nà tó ṣe tààrà jù, nǹkan bíi 3,990 kìlómítà ni. Sí Mẹ́kà gan-an, ó jẹ́ bíi 4,040.

Kó lè yé yín dáadáa: ojú títì láti Ìlọrin dé Èkó tó bíi 300 kìlómítà. Ẹni tó bá lọ Èkó tó sì padà wálé lẹ́ẹ̀mẹfà, tó tún forí lé Èkó lẹ́ẹ̀keje láìtíì padà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rin 3,900 ni.

Wákàtí mélòó ni bàálù ń lò lókè?

Bíi wákàtí márùn-ún, bí ọ̀nà bá ṣe tààrà. Bàálù ńlá máa ń sá tó 850 kìlómítà láàárín wákàtí kan nígbà tó bá ti gun òkè tán, ní ibi tó ga ju kìlómítà mẹ́wàá lọ. Ẹ pín 3,990 sí 850, ẹ ó rí wákàtí mẹ́rin àti bíi ogójì ìṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n kì í fi eré yẹn gbéra, kì í sì í fi eré yẹn balẹ̀. Ìgòkè, ìsọ̀kalẹ̀ àti bó ṣe máa ń rọra rìn lórí pápá kó tó gbéra ló ń sọ ọ́ di márùn-ún tàbí díẹ̀ lé.

Ara kì í tètè gbà pé eré náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí igi tàbí ilé tí ń kọjá lójú fèrèsé. Lọ́dún kan, Alhaja kan láti Gàmbàrí jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tẹ̀súbáà lọ́wọ́ ọ̀tún, báàgì kékeré tí kò gbà kí wọ́n bá òun gbé sókè wà lórí itan rẹ̀. Nígbà tí a ti lò tó wákàtí méjì, ó bi mí bóyá a ti kọjá Jẹ́bbà. Mo nawọ́ sí máàpù tó wà lẹ́yìn àga iwájú wa: ilẹ̀ Ṣáàdì la wà. Ó wò mí lójú, ó ní, "Ṣáàdì? Tí ẹnikẹ́ni ò sì dá wa dúró kó gba nǹkan lọ́wọ́ wa?"

Kí ló dé tó fi jẹ́ Jẹ́dà là ń balẹ̀ sí, kì í ṣe Mẹ́kà?

Mẹ́kà kò ní pápákọ̀ òfurufú fún èrò. Jẹ́dà ni ẹnu ọ̀nà rẹ̀ láti ayébáyé, látìgbà tí ọkọ̀ ojú omi ti ń gúnlẹ̀ síbẹ̀. Láti pápákọ̀ Jẹ́dà dé Mẹ́kà, ojú títì náà kò ju nǹkan bíi ọgọ́rùn-ún kìlómítà lọ, bíi ká kúrò ní Ìlọrin ká dé Jẹ́bbà.

Ibi tí wọ́n ń gba àwọn tó wá fún Háájì sí ní Jẹ́dà dá yàtọ̀. Wọ́n ṣí i lọ́dún 1981, òrùlé rẹ̀ sì dà bí àgọ́ funfun ńláńlá tó so mọ́ra lọ rẹrẹẹrẹ. Abẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè máa gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ má rò pé ẹ ó jáde níbẹ̀ láàárín ogún ìṣẹ́jú o.

Mọ̀dínà ńkọ́? Ṣé ó jìnnà ju Jẹ́dà lọ?

Díẹ̀ báyìí. Láti Ìlọrin, bíi 4,140 kìlómítà ni, nítorí náà ìyàtọ̀ rẹ̀ sí Jẹ́dà lókè kò tó ohun tí èèyàn ń torí rẹ̀ ráhùn.

Orí ilẹ̀ ni ìyàtọ̀ wà. Mọ̀dínà sí Mẹ́kà tó bíi 450 kìlómítà. Bọ́ọ̀sì máa ń lò tó wákàtí márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pẹ̀lú ìdúró. Láti ọdún 2018, ọkọ̀ ojú irin Haramain tún ń ná ọ̀nà náà, ó sì lè sá tó 300 kìlómítà láàárín wákàtí kan. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ sí ara wa: ẹni tí ọkọ̀ gbé balẹ̀ sí Mọ̀dínà tó sì tún wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Mẹ́kà lè rí i pé ìrìn orí ilẹ̀ tán òun lókun ju ti òfurufú lọ.

Aago wọn àti tiwa, ṣé ọ̀kan náà ni?

Rárá. Aago Sáúdí fi wákàtí méjì ṣáájú tiwa, lójoojúmọ́, yálà lọ́yẹ́ tàbí nígbà òjò. Nàìjíríà kì í yí aago padà láàárín ọdún, àwọn náà kì í yí i.

Èyí ló ń mú kí àwọn èèyàn sọ pé àlọ jẹ́ wákàtí méje, àbọ̀ sì jẹ́ mẹ́ta. Ẹ wò ó báyìí: bàálù gbéra ní Ìlọrin ní aago mẹ́wàá alẹ́. Ó lo wákàtí márùn-ún. Aago ọwọ́ yín ní aago mẹ́ta òru ni, ṣùgbọ́n aago ara ògiri Jẹ́dà ní márùn-ún ìdájí. Nígbà àbọ̀, bàálù gbéra ní Jẹ́dà ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀, ó balẹ̀ ní Ìlọrin ní aago kan ọ̀sán tiwa. Aago ló jẹ wákàtí méjì, tó tún pọ̀ ọ́ padà. Bàálù kò sáré jù.

Kí àwọn ará ilé tó fẹ́ wá pàdé yín mọ èyí. Wákàtí tí wọ́n kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì, aago ìlú tí ẹ wà ní ìgbà yẹn ni: ìgbéra jẹ́ aago ibi tí ẹ ti ń gbéra, ìbalẹ̀ jẹ́ aago ibi tí ẹ ó balẹ̀ sí. Ẹ má ṣe yọ wákàtí méjì kúrò tàbí kí ẹ fi kún un mọ́.

Òmù-Àrán ni mò ń gbé. Ìgbà wo ni kí n jáde nílé?

Ẹni tó ń bọ̀ láti Òmù-Àrán àti ẹni tó ń bọ̀ láti Ọ̀fà yóò pàdé ní Àjàṣẹ́-Ìpo, wọn ó sì jọ gba ojú títì kan náà wọ Ìlọrin. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ẹ̀gbẹ́ kan ìlú lẹ gbà wọlé, pápákọ̀ sì wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ní ìhà ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ gbọ́dọ̀ la ìlú já. Lọ́jọ́ ọjà, tàbí lọ́sàn-án Jímọ̀, ìlà ìlú yẹn nìkan lè gba àkókò tí kò yẹ.

Ti Háájì tilẹ̀ ní àgọ́ tí wọ́n máa ń kó àwọn èèyàn jọ sí ṣáájú, nítorí náà ọjọ́ tí wọ́n bá pè yín sí àgọ́ ni kí ẹ wò, ẹ má wo wákàtí bàálù. Àwa tiẹ̀ máa ń sọ fún àwọn tó ń ti Ìgbómìnà wá pé kí wọ́n wá sùn sílé ẹbí ní Ìlọrin. Ta ni kò ní ẹbí ní Ìlọrin?

Wọ́n ní wákàtí márùn-ún, kí ló dé tí mo fi lo odindi ọjọ́ kan?

Nítorí pé wákàtí márùn-ún jẹ́ ti inú òfurufú nìkan. Ẹ ka ti àgọ́ mọ́ ọn, yíyẹ ẹrù wò, títẹ páásìpọ́ọ̀tù, jíjókòó sínú bàálù kó tó gbéra, ìlà gígùn ní Jẹ́dà, dídúró de bọ́ọ̀sì, àti ìrìn dé ilé tí ẹ ó sùn sí. Mo ti ṣe é lọ́pọ̀ ìgbà, n kò sì rí i rí kí ó dín sí wákàtí mẹ́rìnlá láti ẹnu ọ̀nà ilé dé orí bẹ́ẹ̀dì.

Ọdún kan wà tí a kírun Àsárì ní pápákọ̀ tí a sì tún kí Àṣùbáà níbẹ̀. Iléeṣẹ́ bàálù náà ní ọkọ̀ ń bọ̀, ọkọ̀ ń bọ̀. Kò sẹ́ni tó bínú títí di ìgbà tí wàrà tí ìyá kan dì sínú kúlà bẹ̀rẹ̀ sí í kan, tí òórùn rẹ̀ gba gbogbo yàrá. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ pé ẹ gbé ohun gbígbẹ dání: kúlíkúlí, dàbínù, bísíkíìtì. Wàrà kò lè dúró de bàálù.

Ṣé láti Ìlọrin gan-an ni bàálù ti ń gbéra?

Ti Háájì, bẹ́ẹ̀ ni. Pápákọ̀ wa, tí wọ́n fi orúkọ Ọ̀gágun Tunde Idiagbon, ọmọ Ìlọrin, pè, ní ojú ọ̀nà ìsáré tó gùn ju kìlómítà mẹ́ta lọ, bàálù ńlá sì lè gbéra níbẹ̀ pẹ̀lú èrò, ẹrù àti epo tó máa gbé e dé Jẹ́dà.

Ti Ùmúrà kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ó kọ́kọ́ lọ sí Èkó tàbí Àbújá. Bàálù láti Ìlọrin sí èyíkéyìí nínú wọn kò ju bíi ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta sí wákàtí kan. Ẹlòmíràn á ní òun á kúkú wọ mọ́tò lọ sí Èkó. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹ lọ ní ọjọ́ kan ṣáájú. Mo mọ ẹni tí bàálù fi sílẹ̀ nítorí ọkọ̀ epo tó ṣubú sójú ọ̀nà.

Kí ló dé tí ọ̀nà Ùmúrà fi máa ń gùn ju ti Háájì lọ?

Nítorí pé ọ̀pọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì Ùmúrà ń gba ìlú mìíràn kọjá. Láti Èkó sí Jẹ́dà tààrà, bíi 4,190 kìlómítà ni. Bí ẹ bá gba Addis Ababa, ẹ ó fò bíi 3,900 dé ibẹ̀, ẹ ó tún fò bíi 1,400 láti ibẹ̀ dé Jẹ́dà. Ìyẹn bíi wákàtí márùn-ún àti wákàtí méjì, láìka ìdúró. Ti Káírò jọ ọ́ gan-an.

Bí ẹ bá wá gba Istanbul, ìyẹn di ọ̀rọ̀ mìíràn. Èkó sí Istanbul tó bíi 4,600, Istanbul sí Jẹ́dà tún tó bíi 2,390. Ó ti tó 7,000 kìlómítà nìyẹn. Ó dà bí ẹni tó fẹ́ ti Ìlọrin lọ Ọ̀fà, tó wá kọ́kọ́ gba Jẹ́bbà. Tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lè dín owó nígbà míì, n kò sọ pé kí ẹ má rà á. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń mú àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn dání, owó tí ẹ fi pamọ́ yẹn, orúnkún ni yóò san án.

Ohun tó yẹ kí ẹ wò lórí tíkẹ́ẹ̀tì ni iye wákàtí ìdúró láàárín ọ̀nà. Wákàtí kan kéré jù: bí bàálù àkọ́kọ́ bá pẹ́ díẹ̀, èkejì ti lọ. Wákàtí méjì àbọ̀ sí mẹ́rin ló dára lójú tèmi. Mẹ́wàá lọ sókè, ẹ béèrè bóyá wọ́n máa fún yín ní ibi tí ẹ ó sùn sí.

Ṣé ọyẹ́ lè dá ìrìn àjò dúró?

Ó lè dá a dúró dáadáa. Láti December dé February, eruku aṣálẹ̀ lè ṣú bo ojú ọ̀run débi tí awakọ̀ kò ní rí ojú ọ̀nà ìsáré. Bàálù kéékèèké inú ilé, láti Ìlọrin sí Èkó tàbí Àbújá, ló máa ń jìyà rẹ̀ jù, nítorí òwúrọ̀ kùtùkùtù ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbéra. Ẹni tó ní bàálù òkèèrè ní Àbújá ní ọ̀sán, tó sì fọkàn tán ti òwúrọ̀ láti Ìlọrin nínú January, ó ń ta tẹ́tẹ́ ni.

Fóònù mi ní 2,480, ti ọ̀rẹ́ mi ní 3,990, ẹlòmíràn ní 2,150. Ta ló ń parọ́?

Kò sí ẹni tó ń parọ́. Ọ̀nà kan náà ni, òṣùwọ̀n ló yàtọ̀, bí ẹni tó ń fi kóńgò wọn gaàrí àti ẹni tó ń fi módù wọ̀n ọ́n. 3,990 jẹ́ kìlómítà. 2,480 jẹ́ máìlì tí àwọn Òyìnbó ń lò lójú títì, ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 1.609. 2,150 jẹ́ máìlì ti àwọn awakọ̀ òkun àti òfurufú, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 1.852.

Bí ìyàtọ̀ náà bá jẹ́ ogún tàbí ọgbọ̀n kìlómítà péré, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀rọ kan máa wọ̀n ọ́n láti àárín ìlú, kí èkejì máa wọ̀n ọ́n láti pápákọ̀. Ẹ má jà lé e lórí.

Ṣé lóòótọ́ ni pé àwọn bàbá wa fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà yìí?

Lóòótọ́ ni. Wọ́n gba ilẹ̀ Hausa lọ sí Borno, wọ́n gba Ṣáàdì wọ Darfur ní Sudan, wọ́n rìn títí dé etí Òkun Pupa, kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá sí Jẹ́dà. Ẹni tó bá ń rin ogún kìlómítà lóòjọ́ láìsinmi máa lo igba ọjọ́ lórí 4,000. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ilẹ̀ kì í ṣe tààrà, oúnjẹ á sì tán. Nítorí náà wọ́n á dúró dá oko, wọ́n á kọ́ ọmọ onílẹ̀ ní kéwú, wọ́n á kó owó jọ, kí wọ́n tó tẹ̀síwájú. Ọdún méjì, mẹ́ta, nígbà míì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹlòmíràn bímọ lójú ọ̀nà. Àwọn kan kò padà wálé mọ́, àrọ́mọdọ́mọ àwọn arìnrìn-àjò láti ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ṣì pọ̀ ní Sudan títí dòní.

Ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu ni pé, bí a bá na okùn láti Ìlọrin dé Jẹ́dà lórí àwòrán ayé tó rí roboto bí bọ́ọ̀lù, okùn náà yóò gba ìtòsí Maiduguri, yóò wọ Ṣáàdì, yóò la Sudan já, yóò sì bọ́ sí Òkun Pupa. Ọ̀nà bàálù àti ọ̀nà ẹsẹ̀ àwọn bàbá wa fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Wọn kò ní máàpù tó fi hàn wọ́n o.

Ṣé òótọ́ ni pé àbọ̀ máa ń pẹ́ ju àlọ lọ?

Nígbà míì. Afẹ́fẹ́ òkè ló ń fa á. Lásìkò ọyẹ́, afẹ́fẹ́ líle kan máa ń fẹ́ láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn lókè Sàhárà. Ó ń ti bàálù tó ń lọ lẹ́yìn, ó sì ń kọjú ìjà sí èyí tó ń bọ̀. Nígbà òjò, afẹ́fẹ́ yẹn máa ń sún lọ sí àríwá, ìyàtọ̀ àlọ àti àbọ̀ á sì dín kù, ó tiẹ̀ lè yí padà.

Ká ní afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ jẹ́ 50 kìlómítà láàárín wákàtí kan. Bàálù tó ń sá 850 á di 900 nígbà àlọ, á sì lo wákàtí mẹ́rin àti ìṣẹ́jú 26. Nígbà àbọ̀ á di 800, á sì lo bíi wákàtí márùn-ún. Ìyàtọ̀ bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nìyẹn. Ẹni tó bá ti gun kẹ̀kẹ́ lójú afẹ́fẹ́ rí mọ ohun tí mò ń sọ.

Lọ́dún 2023, a lò tó wákàtí méje. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Ogun Sudan ni. Ogun náà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù April ọdún yẹn, wọ́n sì ti ojú òfurufú orílẹ̀-èdè náà pa. Háájì ọdún yẹn bọ́ sí ìparí June, nígbà tí ogun ń jó. Bí mo ṣe wí lókè, Sudan wà ní àárín gbùngbùn ọ̀nà wa, ó sì fẹ̀. Àwọn bàálù ní láti yí gbà: wọ́n sọ̀kalẹ̀ sí gúúsù, wọ́n gba ìhà Kamẹrúùnù àti Central African Republic, wọ́n dé ìhà Ẹthiópíà, kí wọ́n tó wá gòkè padà sí Òkun Pupa. Ìyípo bẹ́ẹ̀ lè fi ju ẹgbẹ̀rún kìlómítà kún ọ̀nà. Nǹkan bíi wákàtí méjì nìyẹn, àti epo rẹ̀, àti owó epo náà.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi wá pé "wákàtí mélòó?", a máa ń sọ pé márùn-ún bí ọ̀nà bá ṣí, méje bí a bá yí gbà. Ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì bá awakọ̀ jà. Ẹ̀rọ orí íntánẹ́ẹ̀tì ń wọn ilẹ̀ ni, kò mọ̀ bóyá ogun wà níbẹ̀.

Bí Mẹ́kà bá wà ní ìlà oòrùn wa, ṣé ibi tí oòrùn ti ń yọ ni kìbílà?

Ìbéèrè yìí kò jẹ́ ti bàálù, ṣùgbọ́n ìṣirò kan náà ni, àwọn àgbà sì fẹ́ràn rẹ̀. Láti Ìlọrin, Mẹ́kà kò sí ní ìlà oòrùn gan-an. Ẹ dúró, kí ẹ kọjú sí àríwá, ẹ wá yí sí ọwọ́ ọ̀tún ní dígírì 65. Ìlà oòrùn gan-an jẹ́ dígírì 90. Nítorí náà kìbílà wa fi dígírì 25 tẹ̀ sí àríwá. Ọ̀nà yẹn gan-an ni bàálù náà ń kọjú sí nígbà tó bá gbéra tán.

Oòrùn fúnra rẹ̀ kì í yọ láti ojú kan náà jálẹ̀ ọdún. Ní ìparí June, ó ń yọ ní bíi dígírì 66 ní Ìlọrin, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá kìbílà mu pátápátá. Ẹni tó bá jí lẹ́yìn Àṣùbáà ní ọ̀sẹ̀ yẹn, tó kọjú sí oòrùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, Mẹ́kà ló kọjú sí. Ṣùgbọ́n nínú ọyẹ́, ní ìparí December, oòrùn ti sún lọ sí gúúsù, ó ń yọ ní bíi dígírì 114. Ẹni tó bá fi í ṣe kìbílà nígbà náà ti ṣì í ní dígírì tó tó 49. Àwọn tó bá ń kírun lóko, ẹ kíyè sí i.

Ìgbà wo ni ká gbé hárámì nínú bàálù?

Gbígbé hárámì ni ṣíṣe àníyàn láti bẹ̀rẹ̀ Háájì tàbí Ùmúrà, tí ọkùnrin á sì wọ aṣọ méjì tí a kò rán. Bí ẹ bá ń lọ sí Mọ̀dínà lákọ̀ọ́kọ́, ẹ fi ọkàn balẹ̀, aṣọ yín ni kí ẹ wọ̀ lọ. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ ti ibẹ̀ lọ sí Mẹ́kà ni ẹ ó gbé e ní Dhul-Hulayfah, tí kò jìnnà sí Mọ̀dínà.

Bí ó bá jẹ́ Jẹ́dà lẹ ń lọ tààrà fún Ùmúrà tàbí Háájì, bàálù máa kọjá ibi tí ó yẹ kí ẹ ti gbé hárámì kó tó balẹ̀. Fún àwọn tó ń gba ìhà ìwọ̀ oòrùn wá, Juhfah ni, ní ìtòsí Rabigh, létí Òkun Pupa. Awakọ̀ tàbí òṣìṣẹ́ ọkọ̀ sábà máa ń kéde rẹ̀ ṣáájú. Lójú ohun tí a ti rí, kí àwọn ọkùnrin ti wọ aṣọ méjèèjì náà ní pápákọ̀, kí wọ́n wá ṣe àníyàn nígbà tí ìkéde bá dé. Ilé ìyàgbẹ́ bàálù kò fẹ̀ tó àpótí. Mo ti rí bàbá kan tó wọ ibẹ̀ láti pààrọ̀ aṣọ, tó lo ogún ìṣẹ́jú, tí ọ̀wọ́ èèyàn sì ń kan ilẹ̀kùn. Nígbà tó jáde, a ti kọjá Juhfah.

Eré bàálù ni kí ẹ rántí níbí. Ní 850 láàárín wákàtí kan, ìṣẹ́jú kan jẹ́ kìlómítà mẹ́rìnlá. Ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá rí ibẹ̀ kí ẹ tó ṣe àníyàn. Lórí pé èèyàn lè gbé hárámì ní Jẹ́dà fúnra rẹ̀ tàbí kò lè gbé e níbẹ̀, àwọn àáfà ń bá ara wọn fà á. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àáfà yín kí ẹ tó gbéra, ẹ má ṣe dé òkè kí ẹ tó béèrè.

Mo ń gbààwẹ̀, mo ń fò bọ̀ láti Jẹ́dà. Aago ibo ni mo máa fi ṣínu?

Kò sí aago kankan, oòrùn tó wà lójú fèrèsé yín ni. Èyí ló ń dá wàhálà sílẹ̀, nítorí pé ẹ ń lé oòrùn lọ. Láti Jẹ́dà dé Ìlọrin, oòrùn tiwa ń pẹ́ ju tiwọn lọ ní bíi wákàtí méjì àti ogún ìṣẹ́jú. Ẹni tó gbéra ní Jẹ́dà ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, tó ti jẹ sààrì níbẹ̀, yóò rí i pé Mọ̀gàríbì ń sá fún òun. Ẹni tó jókòó ní Jẹ́dà ti ń jẹ dàbínù, òun ṣì ń wo oòrùn pupa lókè Ṣáàdì.

Ẹni tó ń rin ìrìn àjò ní ààyè láti jẹ ààwẹ̀ náà, kó sì san án padà. Ẹ má gbàgbé ìyẹn, pàápàá ẹ̀yin tí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wà nínú báàgì yín. Afẹ́fẹ́ inú bàálù gbẹ gan-an, òùngbẹ rẹ̀ kì í ṣe ti ilé.

Mo ti ṣínu ní pápákọ̀ Jẹ́dà nígbà tí oòrùn wọ̀. Bàálù gbéra, mo tún rí oòrùn! Ṣé ààwẹ̀ mi ti bàjẹ́?

Obìnrin kan láti Àjàṣẹ́-Ìpo ló bi wá ní èyí, ó sì ti ń sunkún díẹ̀. Ojú rẹ̀ kò tàn án. Ẹni tó wà lókè ń ríran jìnnà ju ẹni tó wà nílẹ̀ lọ. Ní ibi tó ga tó kìlómítà mẹ́wàá ó lé díẹ̀, oòrùn tó ti wọ̀ fún ẹni tó wà nílẹ̀ ṣì lè wà lójú ẹni tó wà lókè fún ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Bàálù náà sì tún ń lé e lọ sí ìwọ̀ oòrùn. Ẹ gun òkè Sọ̀bì ní ìrọ̀lẹ́, ẹ ó rí díẹ̀ nínú ohun kan náà: ìlú nísàlẹ̀ ti ń ṣókùnkùn, ìmọ́lẹ̀ ṣì kù lójú yín.

Ní ti ààwẹ̀, ohun tí àwọn àáfà ń sọ ni pé oòrùn ti wọ̀ ní ibi tó wà nígbà tó ṣínu, nítorí náà ààwẹ̀ rẹ̀ ti pé. Bí kò bá tíì ṣínu kí bàálù tó gbéra ni ìbá ní láti dúró. Ó nu ojú rẹ̀, ó ní kí n bá òun bèèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ọkọ̀ bóyá ìrẹsì ṣì kù.